Ìmọ́lẹ̀ Aláwọ̀ Aró: Bí Ó Ṣe Di Ìwòsàn fún Ọmọ Tuntun

Gbogbo wa la ti rí òṣùmàrè rí. Bí òjò bá dá, tí oòrùn sì yọ, òṣùmàrè a là sójú ọ̀run. A ó rí àwọ̀ pupa, àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró àti àwọn mìíràn. Níbo ni àwọn àwọ̀ wọ̀nyí ti wá? Inú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni wọ́n ti wá.

Ní nǹkan bí ọdún 1666, ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Isaac Newton, ti ilẹ̀kùn fèrèsé rẹ̀ pa. Ó lu ihò kékeré sí i. Ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba inú ihò náà wọlé, ó sì gbé dígí onígun mẹ́ta sí ọ̀nà rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ funfun ló wọ inú dígí. Àwọ̀ òṣùmàrè ló jáde sára ògiri. Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí bíi funfun, oríṣiríṣi àwọ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn ènìyàn ti ń bèèrè pé: bí ìmọ́lẹ̀ bá ní àwọ̀, ǹjẹ́ àwọ̀ kan nínú rẹ̀ lè wo àìsàn? Ọ̀pọ̀ ló dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan nínú wọn tan ara wọn jẹ. Àwọn kan tan ẹlòmíràn jẹ. Síbẹ̀, òtítọ́ kan jáde nínú rẹ̀ tí ó ń gba ẹ̀mí àwọn ọmọ tuntun là títí di òní. Ìtàn òtítọ́ náà ni a fẹ́ sọ fún yín.

1. Ọ̀gágun tí ó gbẹ́kẹ̀ lé dígí

Ní ìlú Philadelphia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀gágun kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Augustus Pleasonton. Ó gbin àjàrà sínú ilé onídígí. Láàárín àwọn dígí tí kò ní àwọ̀, ó to dígí aláwọ̀ aró mọ́ ọn. Ó ní àjàrà òun so lọ́nà ìyanu. Ó tún kó ẹlẹ́dẹ̀ sábẹ́ irú dígí bẹ́ẹ̀, ó ní wọ́n tètè dàgbà. Ní ọdún 1876, ó tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ náà. Bébà aláwọ̀ aró ni, tàdáwà aláwọ̀ aró ni wọ́n sì fi tẹ̀ ẹ́. Ó ní ìmọ́lẹ̀ yìí lè wo àìsàn ènìyàn pẹ̀lú.

Kí ni àwọn ènìyàn ṣe? Wọ́n sáré lọ ra dígí aláwọ̀ aró. Ẹni tí ara ń ro jókòó sẹ́yìn fèrèsé, ó ń retí ìwòsàn.

Ní ọdún 1877, ìwé ìròyìn kan tí ó ń sọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, Scientific American, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ó ṣàlàyé pé dígí aláwọ̀ kì í fi nǹkan kan kún ìmọ́lẹ̀. Ńṣe ni ó ń dí àwọn àwọ̀ yòókù lọ́nà. Ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn dígí aláwọ̀ aró, ìmọ́lẹ̀ aró tí ó ń bà á kò lè ju ti ẹni tí ó jókòó síta gbangba lọ. Kò pẹ́ tí ariwo dígí náà fi rọlẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ dígí yìí. A ó tún padà bá a níwájú.

2. Dókítà tí ó ṣàṣìṣe, tí ó sì tún rí òtítọ́

Lẹ́yìn èyí ni dókítà kan dìde ní ìlú Copenhagen, ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì. Niels Finsen ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1860 ni a bí i. Olókùnrùn ni òun fúnra rẹ̀, ó sì gbàgbọ́ pé oòrùn ń ṣe ara òun láǹfààní.

Ní ọdún 1893, Finsen sọ̀rọ̀ lórí àìsàn tí àwọn àgbà wa kì í fẹ́ dárúkọ ní gbangba, èyí tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ gbígbóná. Ó ní kí a fi aláìsàn sínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ pupa nìkan ń wọ̀, kí àpá má baà pọ̀ lójú rẹ̀. Láti ayé àtijọ́ ni àwọn kan ní Yúróòpù ti ń fi aṣọ pupa bo irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà gbìyànjú ìmọ́lẹ̀ pupa náà. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n rí i pé kò ran aláìsàn lọ́wọ́. Àjẹsára ni ó ṣẹ́gun ilẹ̀ gbígbóná, kì í ṣe àwọ̀ pupa. Ní ọdún 1977, ní ilẹ̀ Sòmálíà, ni a rí ẹni ìkẹyìn tí ó kó o láàárín ìlú. Ní ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé.

Ṣùgbọ́n Finsen kò dúró síbẹ̀. Irú ikọ́ fée kan wà tí kì í ṣe àyà ni ó ń bá jà. Awọ ara ni ó ń jẹ, pàápàá awọ ojú. Imú lè jẹ, ètè lè jẹ. Àwọn tí ó ṣe máa ń fi ara pamọ́ nítorí ìtìjú. Ní ọdún 1895, Finsen bẹ̀rẹ̀ sí fi iná mànàmáná tí ó lágbára púpọ̀ wò ó. Ó fi omi àti dígí yọ ooru rẹ̀ kúrò, ó sì kó ìtànṣán rẹ̀ jọ sójú egbò náà. Ojú ọ̀pọ̀ aláìsàn jinná. Ní ọdún 1896, wọ́n dá ilé ìwòsàn ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ fún un ní Copenhagen. Ní ọdún 1903, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel, ẹ̀bùn tí ó ga jù fún àwọn oníṣègùn. Ó kú ní ọdún 1904. Nígbà tí oògùn ikọ́ fée dé lẹ́yìn náà, a kò nílò iná rẹ̀ mọ́.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan náà ni. Ó sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ pupa, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa egbò ojú, ó rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe orúkọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ni a fi ń mọ òtítọ́. Ara aláìsàn ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

3. Ẹni tí ó ta iná aláwọ̀ fún gbogbo àìsàn

Nígbà tí ayé ti gbọ́ pé ìmọ́lẹ̀ lè wo nǹkan kan, àwọn kan fi ọ̀rọ̀ náà pa owó. Dinshah Ghadiali wà lára wọn. Ilẹ̀ Íńdíà ni a ti bí i, ó sì lọ gbé ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1920, ó gbé ẹ̀rọ kan jáde tí ó pè ní Spectro-Chrome. Kí ni ẹ̀rọ náà? Àpótí tí iná wà nínú rẹ̀ ni, pẹ̀lú dígí aláwọ̀ tí a ń ki sí iwájú rẹ̀. Ó ní àwọ̀ 12 ni ó wà, àti pé kò sí àìsàn tí wọn kò lè ràn lọ́wọ́. Ó kọ́ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n fi oògùn àti iṣẹ́ abẹ sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló ra ẹ̀rọ náà. Nígbà tó yá, ìjọba pè é lẹ́jọ́. Ní kóòtù, wọ́n gbọ́ ìtàn àwọn aláìsàn tí ó fi oògùn dókítà sílẹ̀ tí wọ́n gbójú lé iná aláwọ̀, tí wọ́n sì kú. Ní ọdún 1947, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi. Wọ́n ní kí ó san 20,000 dọ́là, wọ́n sì pàṣẹ pé kí a ba àwọn ìwé rẹ̀ jẹ́.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí lè mú kí ojú ti àwọn dókítà láti sọ̀rọ̀ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ń wo àìsàn, àwọn ènìyàn lè ní irú Ghadiali mìíràn ti dé. Ẹlẹ́tàn kì í ba orúkọ ara rẹ̀ nìkan jẹ́. Ó máa ń ba ọ̀nà jẹ́ fún olóòótọ́ tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

4. Nọ́ọ̀sì tí ó gbé ọmọ sínú oòrùn

Ní báyìí, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ nípa àìsàn tí à ń wí.

Ọmọ tuntun púpọ̀ ni ojú àti ara rẹ̀ máa ń pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta tí a bí i. Ibà pọ́njú ni a ń pè é. Ó ju ìdajì àwọn ọmọ tuntun lọ tí ó ń ṣe díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó fà á nìyí: ẹ̀jẹ̀ tí ó ti gbó nínú ara ọmọ ń túká, ó sì ń di nǹkan pupa rúsúrúsú kan tí àwọn dókítà ń pè ní bílírúbìn. Ẹ̀dọ̀ ni ó yẹ kí ó kó o dànù. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì lágbára tó. Bí bílírúbìn bá kéré, yóò lọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò wọ inú ọpọlọ. Ọmọ lè kú. Bí kò bá kú, ó lè ya adití, tàbí kí ọrùn rẹ̀ má gbé orí, kí ó má lè jókòó, kí ó má lè rìn láéláé.

Ní ìgbà àtijọ́, pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ ni ìwòsàn kan ṣoṣo tí ó lágbára. Wọ́n á máa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde, wọ́n á sì máa fi ti ẹlòmíràn dípò. Iṣẹ́ tí ó léwu ni.

Ní ilé ìwòsàn Rochford, ní ìpínlẹ̀ Essex, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àgbà nọ́ọ̀sì kan wà tí ń jẹ́ Jean Ward. Òun ni ó ń bójú tó àwọn ọmọ tí a bí kí oṣù wọn tó pé. Ó gbàgbọ́ pé afẹ́fẹ́ àti oòrùn dára fún ọmọ ju yàrá tí ó móoru lọ. Nítorí náà, bí ọjọ́ bá mọ́ dáadáa, ó máa ń gbé àwọn ọmọ náà jáde sí àgbàlá.

Ní ọjọ́ kan ní ọdún 1956, àwọn dókítà ń yẹ àwọn ọmọ wò. Ward ṣí aṣọ lára ọmọ kan hàn wọ́n. Ara ọmọ náà ti ń mọ́, àfi ibì kan tí ó pọ́n gidigidi, tí ó rí bí igun mẹ́ta. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà rò pé wọ́n fi nǹkan kun ọmọ náà ni. Ward ní rárá. Ibi tí aṣọ bò ni ó ṣì pọ́n. Ibi tí oòrùn bà ni ó ti mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan tí ibà pọ́njú ń ṣe sínú ìgò kékeré láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgò náà wà lójú fèrèsé nínú oòrùn fún wákàtí mélòó kan. Nígbà tí wọ́n wọn bílírúbìn inú rẹ̀, ó kéré gan-an sí iye tí wọ́n ń retí. Oòrùn ti jẹ ẹ́ nínú ìgò!

Àwọn àgbà ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú nọ́ọ̀sì kan àti ìgò ẹ̀jẹ̀ kan ni ó ṣí ọ̀nà. Dókítà Richard Cremer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Perryman àti Richards, kò kàn sọ pé oòrùn dára. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n ọ́n. Wọ́n wo àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì rí i pé àwọ̀ aró ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà jù. Wọ́n ṣe iná aláwọ̀ aró, wọ́n tẹ́ ọmọ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ṣáájú àti lẹ́yìn. Bílírúbìn ń lọ sílẹ̀. Ní ọdún 1958, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà tí ń jẹ́ The Lancet.

5. Kí ni ìmọ́lẹ̀ náà ń ṣe?

Kì í ṣe idán. Àwọ̀ aró nínú ìmọ́lẹ̀ máa ń wọ inú awọ ọmọ. Bílírúbìn tí ó wà níbẹ̀ máa ń gbà á mọ́ra. Bí ó bá ti gbà á, ìrísí rẹ̀ á yí padà. Tẹ́lẹ̀, kò lè yòrò nínú omi. Lẹ́yìn tí ó yí padà, ó lè yòrò. Ara ọmọ á wá máa fi ìgbẹ́ àti ìtọ̀ gbé e jáde, kò ní dúró kí ẹ̀dọ̀ kọ́kọ́ yí i padà mọ́. Nítorí náà ni a ṣe ń bọ́ aṣọ ọmọ sílẹ̀ lábẹ́ iná, tí a sì ń fi aṣọ bo ojú rẹ̀ kí iná má baà pa á lára.

Ṣé gbogbo ayé gbà á lọ́gán? Rárá. Àwọn dókítà ní àwọn ilẹ̀ kan ní Yúróòpù àti ní Gúúsù Amẹ́ríkà tètè lò ó. Bùràsíìlì, ilẹ̀ tí àwọn Àgùdà ti padà wá sí Àjàṣẹ́, wà lára wọn. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà kò tètè gbà á. Ó di ọdún 1968 kí Jerold Lucey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Vermont tó pín àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé sí ọ̀nà méjì. Wọ́n tẹ́ apá kan sábẹ́ iná, wọn kò tẹ́ apá kejì. Ìyàtọ̀ náà hàn gbangba. Láti ìgbà náà ni iná aláwọ̀ aró ti tàn káàkiri ayé.

6. Ìtàn náà dé ilẹ̀ Yorùbá

Ibà pọ́njú wúwo lára ọmọ tiwa ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ìdí kan ni pé èròjà kan tí ó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, tí a ń pè ní G6PD, kò tó lára ọ̀pọ̀ ènìyàn wa. Láàárín àwọn ọmọkùnrin Yorùbá, ó tó nǹkan bí 1 nínú 5 tí ó rí bẹ́ẹ̀. Káńfọ̀ tí a ń kó sáàárín aṣọ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ túká lọ́pọ̀lọpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ìyá mìíràn kò mọ̀, wọ́n á yọ aṣọ láàárín káńfọ̀, wọ́n á wọ̀ ọ́ fún ọmọ ọjọ́ mẹ́ta.

Ìṣòro kejì ni iná mànàmáná. Ẹ̀rọ lè wà ní ilé ìwòsàn kí iná má sí. Nítorí náà, àwọn dókítà kan padà sí oòrùn tí nọ́ọ̀sì Ward ti lò. Ṣùgbọ́n oòrùn tiwa mú ju ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ó lè jó awọ ọmọ. Ooru rẹ̀ lè pa ọmọ lára. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ta àgọ́, wọ́n fi ọ̀rá pàtàkì kan bò ó. Ọ̀rá náà ń dí ìtànṣán tí ń jó ara àti púpọ̀ nínú ooru lọ́nà, ó sì ń jẹ́ kí àwọ̀ aró kọjá. Wọ́n dán an wò ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní ìlú Èkó pẹ̀lú ọmọ 447. Apá kan wà lábẹ́ àgọ́, apá kan wà lábẹ́ iná. Tina Slusher àti Bolajoko Olusanya wà lára àwọn dókítà tí ó ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2015. Nínú ọjọ́ ìtọ́jú 100, àgọ́ oòrùn ṣiṣẹ́ ní 93, iná sì ṣiṣẹ́ ní 90. Ní ọdún 2018, èsì irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tún jáde láti Ògbómọ̀ṣọ́, fún àwọn ọmọ tí tiwọn le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

7. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ń wẹ ọmọ, ẹ gbọ́ o.

Ẹ máa gbé ọmọ tuntun wá sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà, kí ẹ wo funfun ojú rẹ̀, èrìgì rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ọmọ bá pọ́n ní ọjọ́ tí a bí i gan-an, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí pípọ́n náà bá dé àtẹ́lẹwọ́ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ gbé e lọ. Bí kò bá mu ọmú dáadáa, bí ó bá ń sùn jù, bí ẹkún rẹ̀ bá ń han gooro, bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń tẹ̀ sẹ́yìn, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ẹ má ṣe tẹ́ ọmọ sínú oòrùn àárọ̀ lásán kí ẹ sọ pé ó tó. Àgọ́ tí a wí lókè yìí, àwọn dókítà ni ó ń ṣọ́ ọ, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò. Ẹ má ṣe ra gílóòbù aláwọ̀ aró lọ́jà kí ẹ tàn án sórí ọmọ. Ẹ rántí dígí ọ̀gágun Pleasonton: ọ̀dà tí a fi kun gílóòbù kì í fi agbára kún ìmọ́lẹ̀, ńṣe ni ó ń dín in kù. Ẹ má fún ọmọ ní omi tàbí àgbo. Ọmú ni kí ẹ máa fún un léraléra. Kí káńfọ̀ jìnnà sí aṣọ ọmọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé iná aláwọ̀ wá tí ó ní ó ń wo gbogbo àìsàn, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Àìsàn wo gan-an ni ó ń wò? Ta ni ó yẹ̀ ẹ́ wò, báwo sì ni ó ṣe wọ̀n ọ́n? Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí kò lò ó? Nọ́ọ̀sì Ward àti àwọn dókítà Rochford lè dáhùn wọn. Ghadiali kò lè dáhùn wọn.

Àìsàn kan ni ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró yìí ń wò fún ọmọ tuntun, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń wò náà tóbi. Ọmọ tí ó bá tètè débẹ̀ yóò gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà tí a bá pè é, yóò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a jíròrò

1. Kí nìdí tí dígí ọ̀gágun Pleasonton kò fi lè wo àìsàn?
2. Kí ni nọ́ọ̀sì Jean Ward fi han àwọn dókítà ní ọdún 1956?
3. Ní àdúgbò yín, kí ni àwọn ènìyàn ń ṣe bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n? Èwo nínú rẹ̀ ni ó yẹ kí a yí padà?